Ìròyìn Ìbọn àti Ìlera Wa

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni, àti bí a ṣe ń ròyìn rẹ̀. Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ oníròyìn. Ó kàn mí gidigidi, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ lọ́jọ́ Ẹtì ni ó ń wọlé wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì ní Òkè Bọ́lá lọ́jọ́ Ajé. Yóò wá bí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí àìrí oorun sùn. Yóò wá bí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Nígbà mìíràn, egbò tó ti ń rùn ni, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí ẹni tó ni ín lè jáde.

Ti egbò yìí ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ọmọkùnrin kan wà tí ọta ìbọn ṣèèṣì bà ní itan bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì ní kí ó máa wá sọ́dọ̀ wa kí a máa bá a wẹ egbò náà. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn kan (n kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí) gbé e jáde pé afurasí kan fara gbọta. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ àdúgbò rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ilé ìwòsàn tí ó wà. Ọlọ́pàá kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án nígbà náà, wọn kò sì fi kàn án títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ó ní bí òun bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi wá bá mi, tí mo sì tẹ̀ lé e délé, báńdéèjì ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara, ọyún ti kún abẹ́ rẹ̀. Egbò tí ìbá jinná láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gba oṣù mẹ́ta gbáko. Ìyá náà ńkọ́? Mo fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lé ní 180. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́. Ti inú ìwé ìròyìn sì burú ju ti ẹnu lọ, nítorí àwọn aládùúgbò a máa ká a pa mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn nìkan nìyí. Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jessica Beard, ẹni tó máa ń tọ́jú àwọn tí ìbọn bà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àwọn tó fara gbọta, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí ìròyìn tí a kọ nípa wọn ti rí lára wọn. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2023. Àwọn èèyàn náà ṣàlàyé pé ìròyìn náà sọ àwọn di ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan: ọta ìbọn mélòó, ibo ni ó ti bà á, ó parí. Wọ́n ní bí a ti ń dárúkọ ilé ìwòsàn tí àwọn wà ń dẹ́rù ba àwọn, nítorí ẹni tó yìnbọn náà lè ka ìwé ìròyìn. Mo ka èyí, mo mi orí. Àwa nọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọkàn rẹ̀ ń fò ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, oògùn kì í tètè ràn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníròyìn, mo bẹ̀ yín. Bí ẹni tí ìbọn bà bá ṣì ń gba ìtọ́jú, ẹ má ṣe kọ ibi tí ó wà. Ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní olè tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn nítorí pé ọlọ́pàá kan sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ bi ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ dúró de ilé ẹjọ́. Kí ẹ tó tẹ orúkọ òkú jáde, ẹ wádìí bóyá ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. Mo ti rí obìnrin tó jẹ́ pé lára fóònù aládùúgbò ni ó ti kọ́kọ́ rí òkú ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ lọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí àwòrán lè ṣe fún ọkàn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Àwọn àgbà inú yín kò ní gbàgbé Ìṣọ̀lá Oyènúsì, adigunjalè tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dókítà ohunkóhun. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 ni ìjọba yìnbọn pa á ní etíkun Bar Beach ní Èkó, lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ kárí ayé pé ó ń rẹ́rìn-ín lọ síbi òpó. A kò tíì bí mi nígbà náà, síbẹ̀ mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ oyè tó fi ara rẹ̀ jẹ, mo sì mọ ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni nínú wa ló lè dárúkọ ọlọ́pàá tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pa?

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 1986, Lawrence Anini ló kàn, ní Benin. Láti oṣù dé oṣù ni ojú ìwé àkọ́kọ́ ń pariwo rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi í wé olè inú àlọ́ àwọn òyìnbó tó ń ja olówó lólè kó lè fún tálákà. Nígbà tí wọ́n fi máa mú un ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọdé ti mọ orúkọ rẹ̀ ju ti gómìnà lọ. Nígbà tí ẹjọ́ wá dé ilé ẹjọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, wà lára àwọn tí a dá lẹ́bi pé wọ́n ń bá Anini ṣe é, a sì yìnbọn pa wọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 1987. Èmi ò mọ iṣẹ́ oníròyìn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìròyìn wà: ibo ni ìbọn ti wá, ta ló fi í lé wọn lọ́wọ́, ta ló ń ṣọ́nà fún wọn? Èyí ni ì bá gba ẹ̀mí là bí a bá ti wádìí rẹ̀ ní kíákíá. Wọ́n fi gbogbo yíǹkì kọ oríkì olè.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn 51 ní mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch, ní New Zealand. Jacinda Ardern tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà sọ nílé aṣòfin pé a kò ní gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà lẹ́nu òun láéláé, kí àwọn ènìyàn máa dárúkọ àwọn tó kú. Mo gba tirẹ̀. Àwọn oníròyìn ilẹ̀ wa náà kò sì ṣàìní òfin tiwọn. Láti ọdún 1998 tí wọ́n ti fẹnu kò lórí ìlànà iṣẹ́ wọn ní Ìlọrin ni ó ti wà nínú rẹ̀ pé kí a má ṣe ròyìn ìwà ipá àti ìdigunjalè lọ́nà tí yóò fi dà bí ohun iyì lójú ará ìlú. Ó ti wà nílẹ̀, ẹ ṣáà máa lò ó.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn tàbí kó gbà á là? Ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀mí ara wọn ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú àkọlé gàdàgbà gadagba. Ní 1987, àwọn dókítà ọpọlọ bẹ àwọn olóòtú pé kí wọ́n dín ariwo rẹ̀ kù. Wọ́n gbọ́. Ní ìdajì kejì ọdún náà, iye irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi. Ojú irin kò yí padà o. Ìròyìn ni wọ́n yí padà.

Ti Ọ̀wọ̀ kò ní kúrò lọ́kàn wa bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n yìnbọn sí àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Saint Francis. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí àwòrán òkú, títí kan ti ọmọdé, fi wà lórí fóònù wa ní Ìbàdàn. Àwọn kan ní ènìyàn àádọ́ta ló kú, àwọn kan ní ó lé ní àádọ́rin. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ pé 40 ni. Wọ́n tún gbé e kiri pé wọ́n ti jí àlùfáà gbé, tó fi di pé àwọn aláṣẹ ìjọ náà jáde wá sọ pé àlááfíà ni àwọn àlùfáà wọn wà. Ẹ ro ti ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, tó ń fi wákàtí kọ̀ọ̀kan gbọ́ iye mìíràn. Èyí tó wúlò jù lọ́jọ́ náà ni ìròyìn pé àwọn dókítà ń wá ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ní lẹ́tà ńlá.

Nínú ìlú wa níhìn-ín, ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà àwọn èèyàn díẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá di ti Yorùbá àti Hausa láàrin ọjọ́ kan. Ẹ̀mí sọnù, ìsọ̀ jóná, ìjọba sì ti ọjà. Kì í ṣe ìbọn ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ bí ilé ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi, ẹ fi ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá sórí ohun tí wọn kì í kọ rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n yìnbọn fún Báyọ̀ Ohu, oníròyìn ni òun fúnra rẹ̀, ní ìwé ìròyìn The Guardian, nínú ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ilé ìwòsàn kan kò gbà á nítorí kò sí ìwé ọlọ́pàá. Láti ọdún 2017 ni òfin ti wà tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gba ẹni tí ìbọn bà, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá, ìbáà má ní, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìkọ́kọ́ béèrè owó. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí, láàrin wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Òfin náà tún ní kí a bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé e wá, kí a má ṣe fi ìbéèrè tí kò pọndandan dójú tì í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bẹẹrẹ àti Ọjà Ọba ni kò mọ èyí, wọ́n ṣì ń sá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Bí ìwé ìròyìn bá fi ìlà mẹ́ta péré kọ òfin yìí sísàlẹ̀ gbogbo ìròyìn ìbọn, ẹ̀mí yóò tibẹ̀ là.

Kí wọ́n sì fi ìlà díẹ̀ kún un báyìí: bí ewu bá ti kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, ẹ fi òmíràn lé e lórí. Ẹ má ṣe wá ọta jáde, ẹ má ṣe da epo, eérú tàbí kẹrosíìnì sí i, ẹ má ṣe fún un ní omi tàbí ọtí. Ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un, ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ yọjú.

Ó ku ti inú ilé. Ìyá kan bi mí pé ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò jẹ́ kí wọ́n pa iná lóru mọ́ láti ìgbà tó ti wo fídíò kan lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ pa fídíò náà rẹ́, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí rédíò bá ń tún ìròyìn kan náà sọ láti àárọ̀, ẹ pa á. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó fún àgbàlagbà pàápàá. Ẹ má ṣe pa irọ́ fún ọmọ náà pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí, ẹ fetí sí i, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ sì fi hàn án bí ẹ ṣe ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná kékeré kan máa tàn fún un ní ìwọ̀nba ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó oṣù kan tí ó ṣì ń ta gìrì lójú oorun, tàbí tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé, ẹ mú un wá. Ọjọ́rú ni a máa ń gba àwọn ọmọdé, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹ mú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́.