KÍ OJÚ ẸNI WÁLẸ̀

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Lúùkù 15:11-24, Ẹkún Jeremáyà 3:40

Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ẹ̀kọ́ kan sínú ìwé ìrántí yìí. Èmi kì í ṣe oníwàásù o. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ wo ọmọ onínàákúnàá. Ìyàn mú, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń bọ́, síbẹ̀ kì í ṣe ìyàn nìkan ló gbé e délé. Ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n a kò tíì bá ara wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Mushin. Ó máa ń sọ ìtàn 2 April 1972 fún wa. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn aládùúgbò wa ń gbà, bíi Dahomey, tí à ń pè ní Benin báyìí. Ìjọba Gowon ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Sunday ni ọjọ́ náà, ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Òfin yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọrùn bàbá mi kò yí! Láyé òsì, ẹni tó bá fẹ́ sọdá títì, ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ wò. Nígbà tí wọ́n yí i, òsì ni ewu ti ń bọ̀. Ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ní Agege Motor Road. Ó délé, ó so òwú dúdú mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ó lè máa rántí. Àwọn ará àdúgbò ní káfíńtà ti ń ṣe oògùn. Oṣù mélòó kan ló fi so ó.

Mo máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó kàn mí. Ní February 2023, ẹ ò tíì gbàgbé, wọ́n pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1000 náírà. Tuntun kò sí, àtijọ́ kò ṣeé ná. Àwọn ọlọ́jà ń gba owó lórí fóònù. Èmi akọ̀wé kọ̀ jálẹ̀. Mo ní inú àpótí ni owó Ọlọ́run ń wọ̀. Ìyá opó kan fẹ́ san owó ìdúpẹ́ rẹ̀. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìjọ." Mo ní, "Mà, ẹ lọ wá owó wá." Ọjọ́ méjì ló fi tò ní báǹkì, kò rí kọ́bọ̀. Ọjọ́ ìdúpẹ́ kọjá, kò wá. Sunday kejì, kò wá.

Níbi àdúrà òru, mo kúnlẹ̀ pé kí Ọlọ́run fún ìyá náà ní ìfaradà. Ẹ gbọ́ ìwà àgàbàgebè! Àdúrà há mi lọ́fun. Mo bi ara mi pé, kí ni ìwọ gan-an ń bẹ̀rù? Ìdáhùn tó wá, kò sí Ọlọ́run nínú rẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ àkáǹtì wò lórí fóònù, n kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀. Ìtìjú ni mo fi ìwà mímọ́ bò mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àyípadà ni a ó gbà o. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìparun, a ó sì kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ̀, kí a bi ara wa bóyá ìpìlẹ̀ ni à ń ṣọ́ tàbí ipò wa. Ọrẹ ni ìpìlẹ̀, àpótí kọ́.

Mo lọ bá ìyá náà nílé ní Idi-Oro, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ wá jẹun." Ní Sunday tó tẹ̀lé e, mo bẹ ọmọdébìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin kí ó kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣàlàyé kí ó tó yé mi, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí ó rín in.