Oògùn Jẹjẹrẹ Nínú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìtọ̀ Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn ọmọ bá ń wú, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ Burkitt. A ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Cyclophosphamide wà lára oògùn àìsàn náà.

Oògùn yìí kò lágbára nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di alágbára. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn irú alágbára náà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ sí. Àgbo lè yí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́ fún dókítà.

Èròjà mìíràn tí ó ń ti ara oògùn náà jáde, acrolein, lè bó àpò ìtọ̀ nínú. Nítorí náà:

1. Ẹ fún ọmọ ní omi tó bí dókítà ti wí, kí ó sì máa tọ̀ léraléra.
2. Ó kéré tán, fún wákàtí 48 lẹ́yìn oògùn, ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà fọ ìlédìí rẹ̀. Kí aláboyún má ṣe fọwọ́ kan ìtọ̀ náà.
3. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.