Sí Ayọ̀dèjì, ní Lọ́ńdọ̀nù

Ayọ̀dèjì ọmọ mi,

Inú mi dùn pé èmi lo finú hàn. Pé ọkùnrin lò ń fẹ́ kò yí ohunkóhun padà láàárín wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́. Ohun tó já mi láyà ni G, egbòogi olómi tí o ní ẹ máa ń mu nílé ọ̀rẹ́ yín láti alẹ́ Fúráìdeè títí ilẹ̀ Sọ́ńdè á fi ṣú.

O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, n ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Wọn kì í fojú wọn G. Ìwọ̀n tó ń múnú ẹni dùn kò jìnnà sí èyí tó ń dá èémí dúró. Ìdá kan nínú mílílítà tó bá lé lè gbẹ̀mí. Bí ọtí bá tún wọ̀ ọ́, ewu di ńlá. Bí ẹnìkan bá sùn tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má ní kí ẹ jẹ́ ó sinmi. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà fún un lọ́fun, ẹ pe 999, ẹ sọ ohun tó mu gan-an, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀. Bó bá sì ti di pé ojoojúmọ́ lò ń mu ún, má ṣàdédé jáwọ́, nítorí gìrì lè tẹ̀lé e. Dókítà ni kó bá ọ dín in kù.

Bí ìbálòpọ̀ bá tún wọ̀ ọ́, mọ̀ pé oògùn PrEP tó ń dènà HIV, ọ̀fẹ́ ni ní kíníìkì ìlera ìbálòpọ̀ NHS. 56 Dean Street ní Soho kò jìnnà sí ọ. Bí kọ́ńdọ̀mù bá já tí o kò sì lo PrEP, sáré lọ gba PEP, oògùn ìdènà tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ewu, kó má kọjá wákàtí 72. Ẹni tó sì ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé débi pé àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá sùn. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dá ọ dúró: láti 2012 ni ìtọ́jú HIV ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn ní England, ìwé ì báà pé, ì báà má pé.

O ní bí G bá ti wọra, ohùn pásítọ̀ ìjọsí tó ń dá ọ lẹ́bi máa ń dákẹ́ létí rẹ. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Ọjọ́ Túsìdeè ni ohùn yẹn ń padà, ó sì máa ń le sí i. Àwọn tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí láìdáni lẹ́jọ́ wà ní àjọ London Friend. Antidote ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tó ń rí sí ọtí àti egbòogi. Àwọn fúnra wọn ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi ara wọn, o ò ní ṣàlàyé ara rẹ títí.

Pè mí ní Sátidé, kódà bí o bá ti mu G. Màmá rẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi; ìwọ lo máa sọ fún un, ìgbà tó bá yá ọ lára.

Àǹtí rẹ, ní Leeds