Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kò Lè Fọ́ Pàǹtí: Iṣẹ́ Ìwádìí Elizabeth Neufeld

Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1, àdúgbò tí ó wà ní ìlà-oòrùn Erékùṣù Victoria ní Èkó, omi a máa gba ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga. Irà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí a tó da yanrìn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò nìkan ni ó jẹ̀bi. Bí ọ̀rá, ike àti yanrìn bá ti dí ojú àgbàrá, òjò tí kò tó nǹkan pàápàá a máa kún ìta, nítorí pé omi kò rí ọ̀nà jáde. Kí òǹkàwé wa fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó jọ ọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àwọn ọmọ kan tí a ti ń pè ní àbíkú, tàbí ọmọ tí ayé ń dà láàmú.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi àmì hàn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó lè tó oṣù mélòó kan, tàbí ọdún kan sí méjì, kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkíyèsí. Ikùn ọmọ tóbi, ìdodo rẹ̀ yọ, imú rẹ̀ ń dí nígbà gbogbo, etí ń dùn ún lemọ́lemọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ká, kò na tán mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀. Ìrísí ojú rẹ̀ ń yí padà, tí kò fi jọ baba, tí kò sì jọ ìyá. Ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ ọ́n sọ, ó lè gbàgbé rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé: ìyá ọkọ a wo ìyàwó, ìyàwó a wo orogún, gbogbo wọn a sì wo àgbàlagbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. A ti ná owó púpọ̀ lórí irú ẹjọ́ báyìí, ọmọ kò sì sàn.

Ara ènìyàn kún fún àwọn ohun kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọdún 1955, Christian de Duve, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Louvain ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kéde pé àwọn àpò kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì sọ wọ́n ní láísósóòmù. Ibẹ̀ ni ara ti ń fọ́ ohun tí ó ti gbó sí wẹ́wẹ́ kí ó lè tún un lò. Irinṣẹ́ tí ó fi ń ṣe é ni àwọn ohun tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá kù, ohun tí ì bá fọ́ a máa kó jọ sínú àpò náà. Àpò a wú, sẹ́ẹ̀lì a wú, ẹ̀dọ̀ a sì tóbi. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ ju 50 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ṣọ̀wọ́n. De Duve gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974.

Méjì nínú àwọn àrùn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Charles Hunter, dókítà ní ilẹ̀ Kánádà, kọ̀wé ní ọdún 1917 nípa ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ní ọdún 1919, Gertrud Hurler, obìnrin dókítà ní ìlú Munich ní Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí àìsàn wọn fara jọ ti àwọn ti Hunter, ṣùgbọ́n tí ojú tiwọn tún ń ṣe kùrukùru. Fún nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣègùn mọ orúkọ àrùn méjèèjì, wọn kò mọ ohun tí ń fà wọ́n.

A bí Elizabeth Neufeld ní ìlú Paris ní ọdún 1928. Ní ọdún 1940 ni àwọn ẹbí rẹ̀ sá lọ sí Amẹ́ríkà nítorí ogun Hitler. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní Bethesda, ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ohun tí ń kó jọ sára àwọn ọmọ wọ̀nyí ni irú okùn ṣúgà kan tí ó wà nínú awọ, egungun àti oríkèé ara. Èrò tí ó wà nílẹ̀ ni pé ara wọn ń ṣe okùn náà ju bí ó ti yẹ lọ. Neufeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Joseph Fratantoni àti Clara Hall, mú sẹ́ẹ̀lì láti inú awọ àwọn aláìsàn, wọ́n ń tọ́jú wọn nínú àwo, wọ́n sì fún wọn ní imí-ọjọ́ tí ń tan ìtànṣán, kí ẹ̀rọ lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kò ṣe okùn náà ní àṣejù. Èyí tí ó ṣe ni kò lè fọ́ bí ó ti yẹ. Òjò kò pọ̀ jù, ojú àgbàrá ni ó dí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n da sẹ́ẹ̀lì ọmọ tí ó ní àrùn Hurler pọ̀ mọ́ ti ọmọ tí ó ní àrùn Hunter nínú àwo kan náà. Ta ni yóò rò pé aláìsàn méjì lè wo ara wọn sàn? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí: pàǹtí inú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ká sọ pé aládùúgbò méjì fẹ́ kó ẹrẹ̀ ojú àgbàrá wọn. Èkíní ní ṣọ́bìrì, kò ní ọmọlańke. Èkejì ní ọmọlańke, kò ní ṣọ́bìrì. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì dúró títí di ọjọ́ tí wọ́n yá ara wọn ní irinṣẹ́. Kódà omi tí a ti fi tọ́jú sẹ́ẹ̀lì èkíní tó láti ran èkejì lọ́wọ́. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní ọdún 1968 nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń jẹ́ Science.

Ohun méjì ni ó hàn níbẹ̀. Èkíní, àrùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Irinṣẹ́ tí ó kù nínú ti èkíní kọ́ ni ó kù nínú ti èkejì. Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù: sẹ́ẹ̀lì lè gba irinṣẹ́ tí ó kù yìí láti ìta. Lórí ìmọ̀ yìí ni a fi ṣe oògùn tí a ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti Hurler ní ọdún 2003, ó sì fọwọ́ sí ti Hunter ní ọdún 2006. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: owó oògùn wọ̀nyí ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, bí a sì ti ń fà wọ́n sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí, wọn kì í lè wọ inú ọpọlọ bí ó ti yẹ. Fún ọmọ tí ó ní àrùn Hurler, àwọn dókítà tún lè fi mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn sí i lára, kí sẹ́ẹ̀lì àlejò náà lè máa ṣe irinṣẹ́ tí ó kù. Èyí lè dáàbò bo ọpọlọ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe é ní kùtùkùtù, pàápàá kí ọmọ tó pé ọdún méjì tàbí díẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ọdún kan tí a bá fi wá ẹni tí ó ṣe ọmọ ní ibi fi jẹ́ àdánù ńlá.

Báwo ni ọmọ ṣe ń rí àrùn yìí? Kì í ràn. Ti Hurler dà bí fòníkú-fọ̀ladìde: bàbá àti ìyá ni wọ́n jọ gbé àbùkù náà láìmọ̀, tí ara wọn sì le koko, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí wà nínú ewu ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Òfin àwọn baba wa pé kí ìbátan má fẹ́ ìbátan ń ṣe ìdènà fún irú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ́ńsáìmù kankan. Ti Hunter yàtọ̀. Ọmọkùnrin ni ó sábà máa ń mú, láti ọ̀dọ̀ ìyá tí kò ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ pé arákùnrin ìyá náà ní irú rẹ̀ rí. Ìyá kò mọ̀ ọ́n mọ̀, kò sì sí oúnjẹ tí ó jẹ tàbí èèwọ̀ tí ó dà nínú oyún tí ó fà á. Àyẹ̀wò AA, AS àti SS tí àwọn àfẹ́sọ́nà ń ṣe kò lè fi àrùn méjì yìí hàn. Àyẹ̀wò tiwọn yàtọ̀.

Òbí tí ó bá rí púpọ̀ nínú àwọn àmì tí a kà sókè lára ọmọ rẹ̀ lè tọ àwọn dókítà ọmọdé lọ ní ilé ìwòsàn ńlá, bí èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ìtọ̀ ọmọ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni a ó wọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A lè gbẹ ẹ̀jẹ̀ náà sórí bébà kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ibi tí ó jìnnà. Kí wọ́n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání, àti fọ́tò tí a yà á láti ìgbà ìkókó, kí dókítà lè rí bí ojú rẹ̀ ti ń yí padà. Bí ọmọkùnrin mìíràn nínú ẹbí ìyá bá ti ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́.