Àjò Kì í Dùn Kí Onílé Má Relé: Ètò Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan sí Erékùṣù Gberefu

Ètò ìrìnàjò ọjọ́ kan sí erékùṣù inú ọ̀sà, láti ọ̀nà àbọ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ni àwọn àgbà wí, kò sì sí ibi tí òwe yìí ti fìdí múlẹ̀ tó ojú omi. Lórí ilẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ lè gun ọ̀kadà, ó sì lè fẹsẹ̀ rìn. Lórí erékùṣù, bí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti ṣí, ẹni tó kù sẹ́yìn di alásùn-ún-mọ́jú láìròtẹ́lẹ̀. Wákàtí tí a ó padà ni kí a kọ́kọ́ mú, kí a tó máa ro wákàtí tí a ó jáde nílé.

Erékùṣù tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ ará Èkó àti Ògùn fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni Gberefu, ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun Àtìláńtíìkì. Omi tó là á kúrò lára ìlú kò fẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dúró ní Marina Àgbádárìgì ń rí àwọn igi àgbọn lódìkejì. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà kó ẹrú kọjá láyé àtijọ́. Láti ọjà Vlekete ni wọ́n ti ń kó wọn wá sí etí ọ̀sà, wọn a tù wọ́n kọjá, wọn a sì dà wọ́n gba inú yanrìn lọ sí etí òkun níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ pé ẹrú tí wọ́n bá fún lómi rẹ̀ mu kì í rántí ilé mọ́. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí létí òkun ni wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadà. Àwọn ará wa tó gba ibẹ̀ lọ kò ní àbọ̀. Èyí nìkan tó láti mú kí àlejò máa rìn jẹ́ẹ́ níbẹ̀.

Ní agbègbè Èkó, láti aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni oòrùn máa ń wọ̀, yálà nígbà òjò tàbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba kò sì fàyè gba kí ọkọ̀ ojú omi máa kó èrò lóru. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ará Èkó tó bá fẹ́ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú gbọ́dọ̀ kúrò ní Àgbádárìgì ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní èbúté erékùṣù ní aago méjì, torí ọkọ̀ èrò kì í sábà gbéra àfi bó bá kún. Kí ó lè débẹ̀ ní aago méjì, kí ó kúrò létí òkun ní aago kan, nítorí ìrìn inú yanrìn kì í yá bí ìrìn orí títì, pàápàá bí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá wà nínú ẹgbẹ́. Bó bá kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ojú ọ̀nà sì dára, yóò ní bíi wákàtí méjì àbọ̀ tí yóò fi gbádùn etí òkun. Ìyẹn tó. Ẹni tó bá tún fẹ́ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn ajíhìnrere kọ́ parí lọ́dún 1845, àti ilé Sérìkí Abass tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́, kí ó wá ibi sùn nílùú náà. Ohun méjì tí a fi ìkánjú wò kò tó ohun kan tí a fara balẹ̀ wò.

Láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láti Marina ti Èkó dé Mile 2, èyí sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ apá ibẹ̀. Láti Mile 2, ọkọ̀ èrò ń lọ tààrà sí Àgbádárìgì. Nítorí pé ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn agbófinró máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kí káàdì ìdánimọ̀ wà lápò, kí a sì ro àkókò yẹn mọ́ ìrìn.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù fún irú àjò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ lè bo ojú omi láàárọ̀. "Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí leji ń pa." Ìjì ló sì burú jù fún ọkọ̀ kékeré, ó sì máa ń pọ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Apá ìlà oòrùn ni ó sábà máa ń ti wá. Bí ojú ọ̀run apá ibẹ̀ bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ lójijì, kí a má wọ ọkọ̀. Kí a dúró kí ó rọ̀ dá. Àárọ̀ ni ọ̀sà máa ń dákẹ́ jù, tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn òkun á máa ru ú sókè. Ó tún ku ewéko tó ń léfòó, tó gba Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà láti Benin lọ́dún 1984: ó máa ń lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ a sì dúró sójú omi títí atukọ̀ yóò fi já a kúrò. Kí èrò jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ láífù jákẹ́ẹ̀tì kò yẹ kó jẹ́ àríyànjiyàn. Àjọ LASWA tó ń bójú tó ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ wíwọ̀ rẹ̀ di dandan, síbẹ̀ àwọn kan á fi sábẹ́ ìdí jókòó lé, àwọn mìíràn á ní ó ń ba aṣọ àwọn jẹ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kí a gbà á sọ́wọ́ ká tó wọkọ̀, kí a sì fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù inú rẹ̀. Èyí tó bá rún, tàbí tó ti mu omi tó wúwo, kò lè gbé àgbàlagbà léfòó. Kí a de gbogbo ìdè rẹ̀, kì í ṣe ti òkè nìkan. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè: bó bá gùn dé etí ẹni tó wọ̀ ọ́, ó ti tóbi jù, omi yóò bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Ọmọdé ò gbọdọ̀ wọ ti àgbà. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín itan. Bí kò bá sí èyí tó wọ ọmọ náà, kí wọ́n dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Kí a tún wo etí ọkọ̀. Bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nígbà tó ṣì so mọ́ èbúté, ẹrù ti pọ̀ jù. Ìgbì ọkọ̀ mìíràn tó bá kọjá yóò bu omi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kò ṣojo.

Owó kéékèèké ṣe pàtàkì, torí ṣéńjì ṣòro lórí erékùṣù. Owó àbọ̀ ni kí a yà sọ́tọ̀ kí a tó ná ohunkóhun. Omi mímu, fìlà, sálúbàtà tó dúró lẹ́sẹ̀ àti ọ̀rá tí a ó fi di fóònù ti tó.

Àwọn Ògù tí Yorùbá ń pè ní Ègùn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni: kí a bèèrè ká tó ya fọ́tò ènìyàn tàbí ojúbọ. Etí òkun Gberefu kò ṣeé lúwẹ̀ẹ́. Ìgbì ibẹ̀ le, ó sì máa ń wọ́ èèyàn lọ sí àárín omi. Ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ tó fẹ́ ṣeré nínú omi yóò rí ààyè tó sàn ní Tarkwa Bay lẹ́nu bèbè Èkó, níbi tí odi òkúta ti ń dá ìgbì dúró. Ọkọ̀ ojú omi ń gbéra lọ síbẹ̀ láti Èkó.

Kí arìnrìnàjò fi wákàtí àbọ̀ àti èbúté tó fẹ́ lò sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Bí ìwé orúkọ èrò bá wà ní èbúté, kí ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni náà. Nígbà tó bá padà dé Marina Àgbádárìgì, kí ó dá jákẹ́ẹ̀tì padà, kí ó sì pe ẹni náà pé òun ti gúnlẹ̀.