Abẹ́rẹ́ Tí Bàbá Rẹ Àgbà Yọ

Gàmbàrí, Ìlọrin

Jímọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún tó ń dà á láàmú ti fúyẹ́ díẹ̀. Àná ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìpata lọ ra ata.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ká a sápò kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà rí i. O ní nígbà tí o wálé Iléyá, tí o ń wá ìwé ilẹ̀ nínú àpótí irin bàbá rẹ àgbà, o bá ìbọn ìléwọ́ kan nínú àpò awọ. O ní kò bà jẹ́ rárá, àfi abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó ń gún ìdí ọta, tó sọnù. O wá ń bi mí bóyá mo mọ alágbẹ̀dẹ tó lè rọ irú rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin kan ní Ìbàdàn ti gbà láti fi ọ̀kadà tí kò tíì pé ọdún kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, bí ó bá ti lè yìn.

Mo mọ ìdí tí o fi bi mí. Ọdún márùnlélógójì ni mo fi tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní ọjà Gàmbàrí, kò sì sí télọ̀ àdúgbò yìí tí kò mọ̀ pé ohun tó bá sọnù lára Singer tàbí Butterfly, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rí i. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n èyí tí ò ń wá yìí kò sọnù, Jímọ̀. Mo mọ ibi tó wà. Ó wà nísàlẹ̀ odò Asà, òun àti ìkejì rẹ̀, bàbá rẹ àgbà ló sì mú wọn débẹ̀.

Bàbá rẹ kò mọ ìtàn yìí, torí pé Kàdúná ló wà nígbà náà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wa. Ojú mi ló ṣe. Èmi gan-an ni mo fà á.

Bàbá wa wà lára àwọn tí ìjọba òyìnbó kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Ní 1944, wọ́n wà ní àfonífojì Kaladan pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó máa ń sọ pé ọkọ̀ kò lè wọ ibẹ̀, orí ènìyàn ni wọ́n fi ru oúnjẹ àti ọta la igbó já, bí ẹni tó ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Oṣù kìíní 1945 ni wọ́n gba ìlú Myohaung. Ó padà sílé pẹ̀lú kóòtù ológun kan, agolo omi kan, àti ìbọn yẹn. Ọwọ́ ọ̀gá ológun Jàpáànì kan ló ti wá. Bó ṣe dé ọwọ́ tirẹ̀, kò sọ fún wa rí, àwa náà kò sì bi í.

Sájẹ́ńtì-méjọ̀ kan tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń wá kí bàbá wa, ló ṣàlàyé ìbọn náà fún mi nígbà tí mo dàgbà. Nambu ni wọ́n ń pè é, irú tó jáde ní 1925. Wàá ti rí àmì kan lára rẹ̀ tó dà bíi 16.9. Ìgbà tí wọ́n ṣe é nìyẹn: ọdún kẹrìndínlógún Hirohito lórí oyè, oṣù kẹsàn-án, èyí tí àwa ń pè ní September 1941. Bí o bá sì tẹ àpò awọ náà, wàá bá àpò kékeré kan lára rẹ̀ tó dà bí ilé abẹ. Ilé abẹ́rẹ́ sípéà ni. Abẹ́rẹ́ ìbọn yẹn a máa kán, bí abẹ́rẹ́ maṣíìnì tí wọ́n fi ń rán jíǹsì, torí náà ni wọ́n ṣe ń fún ọmọ ogun ní èkejì dání. Àpò kékeré yẹn náà ṣófo, àbí? Ṣé o bi ara rẹ léèrè ìdí tí méjèèjì fi pa rẹ́ pọ̀?

Ní 1962, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn àgbà ti lọ sí mọ́sálásí. Bàbá wa gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára àpótí. Mo gbé ìbọn náà jáde, mo nà án sí Sàlámátù àbúrò mi tó jókòó ti àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà, mo ní, "Dúró níbẹ̀, ará Jàpáànì!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fa ohun tí ìka ń fà, ó dún kẹ́ẹ̀. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tó bá na irin sí ọmọ ìyá rẹ̀, àwọn málàíkà ń ṣẹ́ èpè fún un títí yóò fi gbé e sílẹ̀. Sàlámátù yẹn ni Àǹtí Sàlámà, tó wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tan fìtílà, ó tú ìbọn náà, ó yọ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ó yọ ti àpò kékeré. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó mú mi lọ sí etí odò Asà. Ó ju ọ̀kan, ó sì fi èkejì lé mi lọ́wọ́ pé kí n jù ú. Mo jù ú. Kò ju bí ìṣó kékeré lọ. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ju ìbọn náà gan-an. Ó ní ẹni tó ni ín ní ìyá níbi kan. Bí ẹnì kan bá wá béèrè lọ́jọ́ kan, òun kò fẹ́ kó jẹ́ pé òun kò ní nǹkan kan láti fi hàn án. Ẹnikẹ́ni kò wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹ́ nínú àpótí.

Ní 1996, nígbà tó ti darúgbó, rédíò Hausa tó máa ń gbé sétí sọ pé wọ́n kó ìbọn bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jọ ní Tìmbúkútù ní ilẹ̀ Màlì, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní gbangba. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Rántí odò Asà."

Ó dáa, jẹ́ ká wá sórí ọkùnrin ọlọ́kadà rẹ. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ wà lóòótọ́, pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin wọn gba irú ẹ̀ láyè. Sájẹ́ńtì-méjọ̀ náà sọ fún mi pé nọ́ńbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, torí pé wọ́n tẹ nọ́ńbà ìbọn náà mọ́ abẹ́rẹ́ àti ilé ọta rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá bá èkejì mu, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ kó kù díẹ̀ káàtó ju kí alágbẹ̀dẹ fi irin tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọkùnrin tìrẹ kò béèrè nọ́ńbà. Kò béèrè ọdún, kò béèrè ẹni tó ni ín. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kó yìn. Ìwọ náà mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ṣe.

Ní ti òfin, mo lọ bá lọ́yà tó ń ṣe ìwé ilẹ̀ wa, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì wà títí dòní, ó sì pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìpín kẹta, àwọn ìbọn ọdẹ òyìnbó wà ní ìkejì. Ènìyàn lè tọrọ ìwé àṣẹ fún ìwọ̀nyẹn. Ìbọn ìléwọ́ wà ní ìpín kìíní, pẹ̀lú àgbá, bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀. Pé ó ti gbó kò gbà á sílẹ̀. Àní ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí, wọ́n dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá ní i láìgbàṣẹ kò dín ní ọdún 10. Òfin kejì tó wà fún olè jíjà àti ìbọn tún sọ pé ìbọn ni ìbọn ń jẹ́, ì báà pé, ì báà wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé o rí ibi tí o fẹ́ ti alágbẹ̀dẹ ọlọ́mọ sí nítorí ọ̀kadà tí kì í ṣe tirẹ̀? Òfin ti 1959 náà kò gbà á láyè kó rọ ìbọn, kò gbà á láyè kó tún un ṣe.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ogún ìdílé wa ni ìbọn. Òwò ló mú àwọn baba wa láti ilẹ̀ Hausa wá tẹ̀dó sí Gàmbàrí: ẹṣin, káún àti awọ ni wọ́n ń kó bọ̀, obì ni wọ́n ń kó lọ. Ẹṣin ni Ìlọrin fi ń jagun. Ní oṣù kejì 1897, nígbà tí òyìnbó Goldie àti ẹgbẹ́ oníṣòwò rẹ̀ kúrò ní Bídà wá bá wa, ìbọn Maxim ni wọ́n dojú kọ àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì yin àgbá sínú ìlú. Ohun tí ìbọn bù fún wa nìyẹn.

Mi ò sọ pé èmi náà kò fi irin mìíràn rọ́pò ohun tó sọnù rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo mú kéèsì bọ́bìn kan tí kì í ṣe ti Singer, mo fi fáìlì ha á títí ó fi wọ inú maṣíìnì Singer kan, mo kun ara rẹ̀ ní òróró, mo sì ta maṣíìnì náà fún ìyá kan láti Òkèlele pé ojúlówó ni. Kò lò ó pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi há. Ọ̀gá mi ní kí n gbé owó náà padà fún un, kí n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Mo rò pé ìtìjú tó tóbi jù láyé nìyẹn. Aṣọ lásán ló bà jẹ́ níbẹ̀ o.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Àpótí náà wà nínú yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Lọ́yà yóò kọ̀wé sí ọ̀gá ọlọ́pàá kí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn wá gbé ìbọn náà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìwọ lo rí i, nítorí náà wàá wá buwọ́ lùwé pẹ̀lú mi. Wá lọ́jọ́ Àlàmísì, ká lè kírun Jímọ̀ pa pọ̀ kó o tó padà. Sọ fún ọkùnrin yẹn pé àwọn àgbà ilé kò tà á, má sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ṣì kù. Mo mọ̀ pé ilé ìwé àwọn ọmọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ojúkòkòrò. Singer dúdú ìyá wa wà níbí, èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ Iléyá yín. Kéèsì bọ́bìn rẹ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀ ni kò sí tẹ́lẹ̀. Mo ti rí méjèèjì, mo ti fi wọ́n sí i, ó ń rán. Télọ̀ kan ní Ọjà-Ọba fẹ́ rà á. Mo ti fi ohun tí mo pààrọ̀ hàn án, ó yọ owó díẹ̀ kúrò torí rẹ̀, kò burú. Owó náà kò lè ra ọ̀kadà, ṣùgbọ́n yóò tó fi bẹ̀rẹ̀ àjọ.

Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra abẹ́rẹ́ maṣíìnì nọ́ńbà 16 ní Ìbàdàn níbẹ̀, páálí kan. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ń tètè kán.

Bàbá rẹ kékeré,
Gàmbàrí