A Kì í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́: Ìmọ̀ràn fún Òbí Tí Kóòtù Ní Kó Lọ Kọ́ Ọmọ Títọ́

Ẹ̀kọ́ òbí tí kóòtù ń pa láṣẹ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìgbaninímọ̀ràn àti àbójútó tí adájọ́ ń là sílẹ̀ fún bàbá, ìyá tàbí alágbàtọ́ tí ọmọ kò rí ìtọ́jú tó yẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kí ọmọ náà lè máa gbé ilé láìséwu, tàbí kí ó lè padà sílé bí ìjọba bá ti mú un kúrò níbẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí bá ẹjọ́ ilẹ̀ mu, ó bá ẹjọ́ gbèsè mu, ṣùgbọ́n kò bá ti kóòtù ìdílé mu rárá. Ẹni méjì tó ń jà sí ilẹ̀ lè yan ara wọn lódì títí ayé. Ìyá àti ọmọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilé tí wọ́n ti jáde lọ sí kóòtù ni wọ́n ṣì ń padà sí. Òbí tó bá gbé ọkàn ìjà wọ ibẹ̀, tó ń wádìí aládùúgbò tàbí tíṣà tó lọ fẹjọ́ sùn, yóò fi oṣù tó yẹ kó fi tún ilé ṣe wá ọ̀tá kiri.

Òfin tó gbé ọ̀rọ̀ náà ró ní Èkó ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2007, tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ka èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003. Ọmọ tí wọ́n pa tì, tí wọ́n ń lù nílùkulù, tó ń rìn gbéregbère láìnílé, tó ń ṣagbe, tàbí tí apá òbí kò ká mọ́, ọmọ tó nílò ìtọ́jú àti ààbò ni lójú òfin. Ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní wẹlifíà, lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú Kóòtù Ìdílé. Ipele méjì ni kóòtù yìí ní, ti Kóòtù Gíga àti ti májísíréètì. Ní ti májísíréètì, adájọ́ kì í dá jókòó. Àwọn méjì kan wà tó ń bá a yẹ ọ̀rọ̀ wò, ó sì di dandan kí obìnrin wà nínú wọn. Ará Àgídìngbì ní Ìkẹjà kò ní í rìn jìnnà kó tó débẹ̀, nítorí kóòtù Samuel Ilori tó wà ní Ògbà wà lára ibi tó ti ń jókòó. Wọn kì í gba èrò ìwòran tàbí oníròyìn wọlé, òfin kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbé orúkọ ọmọ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó ń sá fún ìpè kóòtù nítorí ìtìjú, ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń sá fún.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní Èkó ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní 1941 ni ìjọba amúnisìn yan Donald Faulkner láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹlifíà nílùú náà. Ní 1943 ni wọ́n ṣe òfin ọmọdé àti ọ̀dọ́, èyí tó fún kóòtù lágbára láti mú kí òbí tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò tọ́jú ọmọ bó ṣe yẹ. Ní 1946, wọ́n ṣe ìlànà tó ń dí ọmọdé, àgàgà ọmọbìnrin, lọ́wọ́ kí ó máa kiri ọjà. Ewu ni wẹlifíà rí nínú igbá tí ọmọ rù; ìyá ọmọ rí òwò tí ọmọ ń kọ́. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó ń dé Ògbà lónìí ṣì jọ bẹ́ẹ̀: ohun tí ìjọba kà sí ìpatì, òbí kà á sí ọgbọ́n àtijẹ.

Oríṣiríṣi ni àṣẹ tí kóòtù lè pa. Ó lè ní kí òbí tọwọ́ bọ bọ́ǹdì pé òun yóò ṣe ojúṣe òun. Ó lè fi ọmọ sílé ṣùgbọ́n kí wẹlifíà máa wá wò ó. Ó lè fi í sọ́dọ̀ ìbátan tàbí sí ilé ìtọ́jú ọmọ. Ọmọkùnrin tí apá kò ká sì lè bá ara rẹ̀ ní ilé àtúnṣe tó wà ní Orégùn. Ó lè ní kí ìdílé lọ gba ìmọ̀ràn. Òfin kò to ẹ̀kọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ bíi ti sùkúù, nítorí náà ohun tí ẹnì kan yóò bá pàdé ní ọ́fíìsì wẹlifíà ní Alausa lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Igi gaǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí òbí tó kúrò ní kóòtù, ó yẹ kó ti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú ilé rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé nǹkan ti yí padà, kó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò béèrè yóò máa ka iye ọjọ́ tó lọ jókòó gbọ́ ìmọ̀ràn. Iye ọjọ́ kọ́ ni adájọ́ ń wò. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ bá ọmọ náà àti bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú bá a ló ń wò.

Ní Àgídìngbì, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Láti ọ̀nà Lateef Jakande níbi tí Cadbury wà, dé Ògbà, dé Ọba Akran, dé Agége, ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ṣíìfù àárọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti òru náà wà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì jẹ́ ẹni tí kò ní í gbowó lọ́jọ́ tí kò bá wá. Ìyá tó jáde ní ìdájí, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọdún méje pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, kì í ṣe ìkà. Síbẹ̀ sítóòfù kò mọ̀ bóyá ìyá lọ síbi iṣẹ́ tàbí lọ sóde ijó, ẹni ibi tó ń gbé yàrá kejì náà kò sì bìkítà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà gbà pé àgbà wà lọ́jà. Nínú ilé onílẹ̀kùn-kọjú-sílẹ̀kùn tí gbogbo ayálégbé ti lọ síbi iṣẹ́, àgbà kò sí lọ́jà.

Nítorí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí ṣe, kódà kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni kó mú ìwé kan kó pín wákàtí 24 sórí rẹ̀, kó sì kọ orúkọ ẹni tó wà pẹ̀lú ọmọ sí iwájú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá sí orúkọ ni ẹjọ́ ti wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ìgbà tí sùkúù bá jáde lọ́sàn-án sí ìgbà tí òbí bá wọlé lálẹ́ ni, tàbí òru ọ̀sẹ̀ tí ṣíìfù alẹ́ bá kàn án. Àtúnṣe rẹ̀ kì í sábà gba owó ńlá. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ lè bẹ ọ̀gá wọn kí ṣíìfù wọn má ṣe bọ́ sí àkókò kan náà. Ìwé àṣẹ kóòtù lè ran irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́sìnnì lẹ́yìn sùkúù lè dí wákàtí méjì. Ìyá àgbà lè wá. Aládùúgbò tí wọ́n bá fún ní nǹkan lóṣooṣù, tó mọ̀ pé òun ni ọmọ wà lọ́wọ́ òun, yàtọ̀ pátápátá sí “àwọn ará ilé wà ńbẹ̀.” Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ilé àjùmọ̀gbé, igba ojú lè wà láìsí ẹnì kan tó gbà pé ti òun ni. Orúkọ kan àti nọ́ńbà fóònù kan ló ń mú òwe náà ṣẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹgba. Òbí tí wọ́n bá fẹ̀sùn lílù kàn sábà máa ń fi òwe gbèjà ara rẹ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò dárúkọ ẹgba. Àwọn àgbà kan náà tún ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì yìí ni kì í sí nínú ilé tí ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù. Ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn Nàìjíríà, UNICEF àti àjọ ìlera CDC ti Amẹ́ríkà gbé jáde lórí ọdún 2014 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti hùwà ipá kan tàbí òmíràn sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ohun tí ẹ̀kọ́ òbí tó pójú owó fi ń rọ́pò ẹgba kò ṣòro lóye: òfin ilé díẹ̀ tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìjìyà kékeré tó tẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyìn nígbà tó bá ṣe dáadáa, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ tí fóònù òbí yóò wà nílẹ̀ tí ọmọ yóò sì máa sọ̀rọ̀. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ẹni tó ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀, tí oorun àti ebi ti pa, tó rí i pé ọmọ ti da gaàrí nù, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná.

Ǹjẹ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ní Eastern Cape ní South Africa ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ fún òbí àwọn ọ̀dọ́langba wò, nínú ètò tí wọ́n pè ní Sinovuyo Teen. Ìdílé 552 ní àdúgbò 40 ló kópa nínú ìwádìí náà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ìjókòó 14 ni ètò náà, ó sì kọ́ ìdílé ní bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná pẹ̀lú, nítorí òbí tí gbèsè ń lé kiri kò ní sùúrù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn òbí sọ pé lílù ti dín kù gan-an. Àwọn ọmọ kò fìdí ìdínkù náà múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò fi orúkọ kóòtù mú ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún òbí tí kóòtù rán lọ: ẹnu ọmọ ni wẹlifíà máa ń lọ gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu òbí nìkan.

Ìdí nìyẹn tí kíkọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ fi jẹ́ àṣìṣe tó burú jù. Ọmọ yóò tú u, yóò sì dà bíi pé òbí ní ohun kan tó ń bò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni fífi ọmọ ránṣẹ́ sí abúlé lóru kí wẹlifíà má bàa bá a nílé. Adájọ́ yóò kà á sí títàpá sí àṣẹ. Owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kì í tún ilé ṣe, ó sì ń sọ ẹjọ́ ọmọ di ẹjọ́ òbí. Kí òbí ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ ìpàdé àti ohun tí wọ́n sọ sí. Bí ṣíìfù bá dojú kọ ọjọ́ ìpàdé, ṣáájú ni kó ti sọ, kì í ṣe lẹ́yìn. Kí bàbá náà lọ. Ìyá nìkan ni wọ́n sábà máa ń tì síwájú, bí ẹni pé òun ló dá ọmọ bí, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tó lu ọmọ lè má jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní OPD lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó ti wà láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ òbí ní ibi tó mọ. Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó tó ń lu ọmọ, ọ̀rọ̀ ààbò ni, kì í ṣe ti kíláàsì. Àjọ DSVA ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún un, 08000 333 333. Bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ kan ọmọ lọ́nà àìtọ́, ọlọ́pàá ló kàn, pẹ̀lú Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tó wà ní ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013. Kò sí ìmọ̀ràn tó lè dípò èyí, ẹbí tó bá ń sọ pé kí wọ́n yanjú ẹ̀ nílé ń ṣe ìkà fún ọmọ lẹ́ẹ̀kejì.

Yorùbá tó wà lókè òkun pàdé òfin tó le ju èyí lọ. Ní England, láti 1998, kóòtù lè pàṣẹ fún òbí ọmọ tó rú òfin pé kó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àṣẹ náà fúnra rẹ̀ sì lè gùn tó oṣù 12. Ẹni tó kọ̀ lè san owó ìtanràn. Lílu ọmọ láti bá a wí ti di ohun tí òfin kọ̀ ní Scotland láti 2020 àti ní Wales láti 2022, nítorí náà àwíjàre pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun ní Ìkẹjà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àkókò ló ń dẹ́rù bani. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1997 ní kí ìpínlẹ̀ béèrè láti gba ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ tó bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 ní ilé alágbàtọ́, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà, bíi kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìbátan. Òfin 2008 sì ní kí wọ́n fi tó àwọn òbí àgbà àti ìbátan tó ti dàgbà létí láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n mú ọmọ kúrò nílé. Àǹtí tó wà ní Houston tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Maryland ni kí òbí kọ́kọ́ dárúkọ fún wẹlifíà, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an.